Òrùlé Tí Ìyá Mi Fi Oorun Yàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ìyá mi rí nítorí òrùlé ilé kan ṣoṣo. Òrùlé o! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún. Ta ló mọ̀ pé òrùlé lè mú kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò má bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀?

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìkirè, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí garáàjì. Àpòmù ni ìyá wa ń gbé, nínú ilé amọ̀ tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ti kú. Àwa méjì péré ni Màmá ní láyé: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Lásísì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó.

Ilé amọ̀ yẹn ti gbó. Ògiri ẹ̀yìn, níbi tí yàrá Màmá wà, ti là láti òkè dé ilẹ̀, débi pé ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, àgbàrá á tún jẹ díẹ̀ nínú ìdí ògiri náà. Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọ́n á ní ilé náà ò ní wó, pé ẹsẹ̀ ni bàbá wa fi gún amọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọn ò fi fẹ́ kúrò? Ilé yẹn tutù! Pàánù ló wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, pàánù tó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ayé ọjọ́un mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n to igi sábẹ́ pàánù, wọ́n rẹ́ amọ̀ lé e. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àjà. Oòrùn á máa jó pàánù lókè, ẹni tó sùn nísàlẹ̀ ò ní mọ̀ rárá.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń ba Màmá lẹ́rù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìkirè kí n lè máa tọ́jú wọn. Yàrá méjì ni mo rẹ́ǹtì. Pàánù rẹ̀ wálẹ̀, kò sí sílíìnì lábẹ́ rẹ̀. Èmi máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, n ò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń gbóná tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sáré wálé wá mú aṣọ oníbàárà kan. Mo ṣílẹ̀kùn. Màmá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òógùn ti rẹ aṣọ wọn gbindin, mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn! Mo figbe ta. Àwọn ará ilé ló bá mi gbé wọn jáde síta, a da omi sí wọn lórí, a gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru, pé ooru ló sì gbé wọn ṣubú. Ó ní irú wọn ò gbọdọ̀ máa gbé nínú ooru bẹ́ẹ̀.

Ara wọn yá, wọ́n padà sí Àpòmù. Wọ́n sì búra pé àwọn ò tún ní sùn nínú ohun tí wọ́n pè ní "ààrò oníbúlọ́ọ̀kù" mọ́ láyé. Ẹ wò ó! Ilé tó tutù ń wó lọ, ilé tí kò ní wó ń gbóná. Kí lọmọ máa ṣe?

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Lásísì pinnu pé ká kọ́ ilé tuntun fún wọn lórí ilẹ̀ bàbá wa ní Àpòmù, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòyí tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó. Ilé kékeré ni: pálọ̀, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná lẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù gòkè, ó dé líńtẹ́ẹ̀lì, lókè ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Ó wá ku òrùlé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wá láti Èkó ní Sátidé kan. Wọ́n dúró sójú títì, wọ́n ń fọwọ́ yàwòrán nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní párápẹ́ẹ̀tì làwọn fẹ́: kí búlọ́ọ̀kù yí orí ilé ká, kí wọ́n wá tẹ́ pàánù pẹlẹbẹ sí àárín rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá má rí pàánù rárá, kó dà bíi dẹ́kíńgì oníkọnkéré. Wọ́n ní bí gbogbo ilé tuntun ṣe rí ní Èkó nìyẹn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ooru ńkọ́? Ẹ rántí ohun tó ṣe Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn máa ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá Màmá, pé ooru ò ní mọ̀nà ibẹ̀.

Màmá jókòó lórí òkúta níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n gbójú sókè. "Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́, Lásísì?"

"Wọ́n á dá a padà, Màmá."

"Tí wọn ò bá tètè dá a padà?"

Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ họrí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé lágbègbè wa láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá! Ó lè lọ ní Mọ́ńdè kó má dé títí di Jímọ̀. Kí ẹ̀rọ amúlétutù wá di ibi tí èèyàn ń gbé ike lé. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá kàn ní ká má ṣèyọnu, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Aṣejírè padà sí Èkó.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Màmá bi mí pé ṣé oríṣi òrùlé kan ṣoṣo ló wà ni. Mo ní rárá, oríṣiríṣi ló wà.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mú mi lọ jókòó sábẹ́ wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹnì kan máa ń ra bàtà láì wọ̀ ọ́ wò?

Bí èmi àti ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ilé onílé nìyẹn o! Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ń ta bí ata. Bí a bá ti kírun Àìlà tán báyìí, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń wá ibòji, ìgbà yẹn ni Màmá máa ń ní ká lọ. Wọ́n ní ilé tí a bá bẹ̀ wò láàárọ̀ á parọ́ fún wa.

Ilé Sìdíkátù ọ̀rẹ́ mi ni a kọ́kọ́ lọ, ní Ìkirè níbí. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé onípárápẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí Bọ̀ọ̀dá ń wí gan-an. Ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà! A wọlé, a jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Sílíìnì wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ pàánù, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà jáde. Fáànù ń yí lókè, ooru ló ń fẹ́ sí wa lára bí ẹni ń fẹ́ná sídìí ìkòkò. Ibi tí Sìdíkátù ti ń gbé omi bọ̀ ni iná ti lọ. Fáànù dúró.

Màmá mu omi náà tán, wọ́n dìde. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ilé yín rẹwà púpọ̀."

Sìdíkátù sìn wá síta. Ó rọra sọ fún mi pé ẹ̀yìnkùlé làwọn ń tẹ́ ẹní sí lálaalẹ́ títí ilẹ̀ á fi tutù, pé ọkọ òun ló ní kí òun má sọ fẹ́nì kan. Ó tún ní bí òjò bá rọ̀, omi máa ń dúró sórí pàánù pẹlẹbẹ yẹn bí adágún.

Ilé kejì, ti tíṣà kan ni, asibẹ́sítọ́ọ̀sì, pàánù onísìmẹ́ńtì yẹn, ni wọ́n fi bò ó. Kí n má parọ́, ó tutù! Màmá jókòó, wọ́n tú gèlè, wọ́n ní èyí ò burú. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń ro bí màá ṣe ra asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí igun ilé. Àwọn ọmọ tó ń ju máńgòrò lókò ti ju òkúta lu òrùlé, ó ti là níbi mélòó kan. Ó ní bí káfíńtà bá gùn ún láti tún un ṣe, á tún fẹsẹ̀ fọ́ òmíràn, pé bí wọ́n bá sì ń gé e, eruku rẹ̀ máa ń mú kí gbogbo ilé máa wúkọ́.

Mo ní kí n má ra ikọ́ fún ìyá mi. Mo gbójú kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ lórí rédíò pé eruku nǹkan yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ gidi. Alihamudu lilahi! Ṣé ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń gbani kí èèyàn tó mọ̀ pé òun wà nínú ewu?

Lẹ́yìn èyí, mo gbọ́ pé ilé kan tó tutù wà ní Àpòmù gan-an, kò jìnnà sí agboolé wa. Opó oníṣòwò kòkó kan ló ń gbé ibẹ̀, Ìyá Gbàdàmọ́sí. Ojú lásán ni òun àti Màmá mọ ara wọn, wọn kì í wọlé ara wọn.

Ilé yẹn ti dàgbà, kò sí ẹni tó máa dúró wò ó lójú títì. Ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ ga, ó yọ ṣóńṣó sókè. Etí pàánù gùn jáde débi pé oòrùn ò lè kan ògiri, ká má tíì sọ fèrèsé. Ọkọ wọn ti fi ọ̀dà funfun kun pàánù náà. Ní orí ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lábẹ́ ṣóńṣó òrùlé níbẹ̀, wọ́n dá ihò sí i, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ dí i kí ẹyẹ má bàa wọlé.

Ìyá Gbàdàmọ́sí fún wa lága ní pálọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tá a bá wá. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mo yíjú sí Màmá kí wọ́n bá mi gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀.

Màmá ti sùn!

Wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ẹnu wọn là díẹ̀, wọ́n ń hanrun. Ojú tì mí. Mo fẹ́ jí wọn. Ìyá Gbàdàmọ́sí dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń sùn."

Wọ́n wá ń sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ooru kì í dúró nísàlẹ̀, òkè ló ń lọ. Bó bá dókè tí kò rọ́nà jáde, á padà wá bá ẹ ní bẹ́ẹ̀dì. Ihò méjèèjì yẹn ni ọ̀nà rẹ̀: atẹ́gùn á gba ọ̀kan wọlé, á lé ooru jáde ní ìkejì, gbogbo rẹ̀ lókè sílíìnì. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń jayé ni tirẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ ní fáànù.

Ìpè ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́ ló jí Màmá. Wọ́n lajú, wọ́n wo òkè, wọ́n wò mí. "Sìkírá, òun nìyí."

Ó tán nìyẹn lójú tèmi. Ṣé ó tán lóòótọ́?

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá tún dé, mo kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Inú bí wọn! Wọ́n ní ìgbà wo ni télọ̀ di ẹńjíníà. Wọ́n ní àwọn ò lè wá láti Èkó wá kọ́ ilé ayé àtijọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ àwọn máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rọra kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ kàn lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Wọ́n ní àwọn ò ráyè ìjókòó.

Màmá bá dá sí i. Wọn ò pariwo. "Lásísì, ọkọ mi. Èmi tí màá sùn nínú rẹ̀ àti ẹni tí yóò kọjá lójú títì, ta lò ń kọ́lé fún nínú àwa méjèèjì?"

Bọ̀ọ̀dá lọ bá káfíńtà pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí àwọn á fi padà wá, wọ́n sì lọ.

Wọn ò padà wá. Ọ̀sẹ̀ ń gun ọ̀sẹ̀. Mo ránṣẹ́, wọn ò fèsì. Búlọ́ọ̀kù wà níhòòhò, òjò àkọ́rọ̀ sì ń ṣú bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi nìkan ò lágbára àtibo ilé, ìyá mi ṣì ń sùn nídìí ògiri tó là.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, mo ń rán bùbá ìyàwó kan ní ṣọ́ọ̀bù, ojú ọ̀run dúdú lójijì. Atẹ́gùn dé, ó ká pàánù àwọn ará ọ̀ọ́kán. Òjò rọ̀ bí ẹni tó ń bínú! Bó ṣe ń dá ni dírẹ́bà kan tó ń ná Àpòmù dúró níwájú mi. N ò rẹ́ni sọ fún un pé kó rọra sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ilé kan wó ní agboolé yín o."

N ò ti ṣọ́ọ̀bù. N ò mọ bí mo ṣe wọkọ̀. Ẹnu mi ò ju "Yá Ọlọ́run, Yá Ọlọ́run" lọ títí a fi dé.

Èrò ti pé. Ògiri ẹ̀yìn ti ṣubú sínú yàrá Màmá. Àjà tí gbogbo wa ń yìn, gbogbo amọ̀ rẹ̀ pátá ti wó lé orí bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀dì mọ́, òkìtì ni! Àwọn ọkùnrin ń fi ọkọ́ àti ọwọ́ wa amọ̀, wọ́n ń pè, "Ìyá Lásísì! Ìyá Lásísì!" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo ṣubú lulẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná wa amọ̀. Mo ń ké.

Ohùn kan dún lẹ́yìn mi. "Sìkírá! Kí ló dé? Ta ló kú?"

Mo yíjú padà. Ìyá mi ni! Wọ́n dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Gbàdàmọ́sí, ìró wọn ò tutù, àmì àga ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dì mọ́ wọn débi pé wọ́n ní mò ń pa àwọn. Ibo lẹ wà? Ibo lẹ lọ?

"Mo lọ sùn ni."

Láti ọjọ́ tá a ti lọ wo òrùlé yẹn, èmi ò mọ̀, ojoojúmọ́ ni Màmá ń lọ sílé Ìyá Gbàdàmọ́sí lẹ́yìn ìrun Àìlà. Wọ́n ti dọ̀rẹ́. Wọ́n á jẹ obì, wọ́n á tàkúrọ̀sọ, oorun á sì gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni òjò ká wọn mọ́. Nígbà tí Màmá wá rí bẹ́ẹ̀dì wọn lábẹ́ amọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Gbàdàmọ́sí ló fà wọ́n dìde, wọ́n ní ilé àwọn ni Màmá máa gbé títí ilé tuntun á fi parí, àwọn ò gba bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìròyìn dé Èkó, Bọ̀ọ̀dá Lásísì sì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wọ yàrá tó wó náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa tẹ̀sùbáà Màmá yọ nínú amọ̀, wọ́n fi ẹ̀wù wọn nù ún. Mo rí omi lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Wọn ò bá mi ṣàríyànjiyàn kankan. Wọ́n kàn ní, "Níbo ni ilé tí wọ́n ti ń sùn yẹn?"

Mo mú wọn lọ. Wọ́n jókòó. Oòrùn ti padà wá, ó ń mú gan-an. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ihò ọ̀tún, wọ́n wo ihò òsì, wọ́n jáde lọ wo etí pàánù. Wọ́n padà wọlé, wọ́n tún jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n tú bọ́tìnnì ọrùn wọn, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Sìkírá, pe káfíńtà."

Àwa náà gbé òrùlé sókè ṣóńṣó. A dá ihò méjì sí i, a ta nẹ́ẹ̀tì sí wọn. A kan sílíìnì káàkiri, a jẹ́ kí etí pàánù gùn dáadáa, a sì kun pàánù lọ́dà funfun. Ohun kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá tọrọ: kí n jẹ́ kí àwọn ṣe òpó méjì tó lẹ́wà síwájú ilé. Mo ní kí wọ́n ṣe mẹ́rin! A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán nínú wa.

Màmá kó wọlé kí ìgbà òjò tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń dúró dè, torí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dán òrùlé wò. Nígbà tó dé, mo yọ́ lọ sí Àpòmù lọ́sàn-án gangan, n ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo rọra ṣílẹ̀kùn.

Màmá wà lórí àga ní pálọ̀. Wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Aṣọ o, nínú oòrùn yẹn! Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn, pé atẹ́gùn ti pọ̀ jù.

Ó dà bíi pé ẹnì kan bá mi sọ ẹrù orí mi kalẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbé orí lé orúnkún wọn, èmi náà sì sùn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Kó o tó kan òrùlé, bi ara rẹ pé ta ló máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Má fi ojú yàn án lójú títì. Lọ sí ilé tó ní irú rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú jù, kí o jókòó, kí ara rẹ sọ fún ẹ. Òrùlé tó jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ wà kó tó tutù, gbèsè ojoojúmọ́ ni. Ẹ sì jẹ́ ká máa gbọ́ ti àwọn àgbà tó máa gbénú ilé, kì í ṣe ká kọ́ ọ tán ká wá fi wọ́n sí i bí ẹrù.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Irú òrùlé wo ló wà lórí yín, báwo ló sì ṣe ń ṣe yín lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn? Ṣé ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí yín rí? Ẹ kọ ọ́ síbí ká jọ kà á. Ẹnì kan ń bẹ níbì kan tó ti kọ́lé dé líńtẹ́ẹ̀lì báyìí, tí kò tí ì pe káfíńtà.